Orí Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀

Ẹ̀rín tún ti gba òǹkàwé náà lẹ́nu, ó ń ta nípàá lábẹ́ tábìlì. Odindi ìwé kan lórí àdúrà ìdákẹ́jẹ́ ló ti kà sínú máìkì. Orí ìgbẹ̀yìn ló kù, kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan: kó jókòó, kó gbàdúrà sínú, kí ẹ̀rọ sì máa gba ìdákẹ́jẹ́ náà sílẹ̀.

“Ikùn Ẹ̀gbọ́n ló ń kùn, Fadá,” ó wí.

“Irọ́ ni,” ni ẹ̀gbọ́n tó ń tọ́jú ẹ̀rọ fèsì. “Ikùn tìẹ ni.”

Fadá tó kọ ìwé náà kò rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, bí o bá tún rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹlòmíì ni mo máa gbé iṣẹ́ yìí fún.”

Ó nu ojú, ó pa á dé. Ẹ̀rín ń rìn ín níkùn, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló rọlẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbàgbé iṣẹ́, ó gbàgbé Fadá pàápàá. Bí ẹni pé ẹnì kan wá jókòó tì í ló rí.

Nígbà tó parí, Fadá ki íapíìsì bọ etí, ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi sì lé ròrò sí i lójú. “Èyí gan-an ni. Èèyàn ń gbọ́ ọ pé o gbàdúrà.”

Òǹkàwé náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú báàgì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Wáyà máìkì ló bá nílẹ̀, ó ti fẹsẹ̀ gbá a yọ nígbà tí ẹ̀rín ń mú un ta nípàá. Ó wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ti fọwọ́ bo ẹnu.

“Ó dàbọ̀, Fadá,” ni òǹkàwé náà wí, ó sì sáré jáde kí ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀.