Àlejò ní Ìta Olórè

Àdùfẹ́ ti ibi tó ti lọ ra búrẹ́dì dé. Ó gbójú sókè sí géètì Ìta Olórè, àdúgbò wọn, kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ lè dá ojú rẹ̀ mọ̀, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Ohùn Láníyọnu, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ alága àdúgbò, ni géètì náà fi kí i: "Ẹ káàbọ̀, àlejò wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáde kílẹ̀ tó ṣú."

Ó rò pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Ó bá Láníyọnu níwájú ilé bàbá wọn, níbi tó ti ń mú àwọn tó wá wo ilé àtijọ́ kiri.

"Láníyọnu, géètì yín pè mí lálejò."

Láníyọnu fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Òfin àdúgbò ní ọmọ onílé kan ṣoṣo ló lè máa gbé inú ilé àtijọ́ kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo forúkọ sílẹ̀."

"Nígbà wo?"

"Lọ́dún tó kọjá ni."

Lọ́dún tó kọjá! Nígbà tí wọ́n jọ ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, tí wọ́n jọ ń rẹ́ ògiri, tí Láníyọnu ń sọ fún un pé, "Ẹ jẹ́ ká ṣe é dáadáa, ibí la máa darúgbó sí."

Obìnrin kan nínú àwọn tó wá wòran fọwọ́ kan fèrèsé. "Ta ló kùn ún tó dára báyìí?"

"Èmi ni," Àdùfẹ́ dáhùn.

Obìnrin náà wojú Láníyọnu. Láníyọnu rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá wọn lóhùn, mà. Àlejò bíi yín ni wọ́n."

Àdùfẹ́ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ìyá wọn mọ́rí, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ lé òun, Láníyọnu fúnra rẹ̀ ni kó wá wọ́ òun jáde.