Èyí Tí Kò Tíì Lórúkọ

Mùsíè Théodore, òyìnbó Faransé tó ń kó ẹja jọ ní etíkun Kútọnú láti fi kọ ìwé, kọ̀ láti fún èyí tó wà nínú agbọ̀n Rasidat lórúkọ. Ó ti fi orúkọ ìyá rẹ̀ sọ ẹja kan, ó fi ti ajá rẹ̀ sọ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Rasidat ránṣẹ́ sí i láti Godomey. Èsì kan náà ló gbà: òun kì í sọ ohun tí òun kò fojú rí lórúkọ.

Rasidat gbé e wá fúnra rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ òkun máa gbé Mùsíè lọ.

Hippolyte akọ̀wé, ọmọ Àgùdà, ń fi koríko há àárín àwọn ìgò. Irú ẹja kan náà ló kún inú wọn: ó pẹlẹbẹ, awọ rẹ̀ le, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ a máa nàró gan-an, kì í sì í wálẹ̀ àfi tí èèyàn bá tẹ ẹ̀gún kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Rasidat! Látìgbà òjò! Látìgbà tó o ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi nìkan ni mò ń fọ ìgò. Mo ní ọkọ ti gbé ọ níyàwó."

"Ọkọ wo?"

"Ẹja náà tún ni? Ṣé ó ṣì ń mí?"

"Ó ń mí."

"Tètè jù ú sínú ọtí kó má bàa jẹrà, ọkọ̀ ò ní dúró dè ọ́."

Rasidat gbé agbọ̀n náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mùsíè jáde wá láìwọ bàtà, bí ìṣe rẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì lẹ̀ mọ́ra. Pẹ́pẹ́yẹ ni àwọn apẹja ń pè é nítorí ẹ̀, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín.

Kò wo agbọ̀n náà. "Ìwé mi ti parí. Mi ò lè fi nǹkan kan kún un mọ́."

"Ẹ kàn wò ó."

"Àwọ̀ rẹ̀ á yàtọ̀ sí ti àwọn tí mo ní."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé àwọ̀ a máa tanni jẹ, pé egungun ni kí n máa wò."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Pé àwọn tí egungun wọn bá jọra, ẹbí kan ni wọ́n, orúkọ ìdílé kan ni wọ́n ń jẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ó na ọwọ́ mú fìlà rẹ̀.

Rasidat ká aṣọ kúrò lórí agbọ̀n, ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí tábìlì láàárín àwọn ìgò, ó di ẹsẹ̀ kékeré tí ìka rẹ̀ méjì lẹ̀ mọ́ra mú sókè, ó ní, "Orúkọ ìdílé wo ni eléyìí ń jẹ́, Mùsíè? Ẹ dá mi lóhùn."