Bátìrì Agogo Bàbá

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì fẹ́ padà sílé ọkọ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ da gbogbo bátìrì ilé sórí tábìlì. Irú èyí tí wọ́n ń ṣájì ni wọ́n, wọ́n ti gbó, ara wọn sì ti ń họ. Orí ṣájà ni wọ́n sùn mọ́jú. Rédíò ni Ẹ̀gbọ́n ń tún ṣe jẹun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀dí bátìrì tó o nínú ilé yẹn.

Bàbá wọn wà lórí àga, ó gbé ẹsẹ̀ òsì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ lé ìrọ̀rí. Láti ìgbà tí àìsàn ti mú ẹsẹ̀ náà, bọ́tìnnì kékeré kan ni bàbá ń fi kọ́rùn. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, agogo oníbátìrì méjì á dún ní yàrá Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n á sì dìde wá gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí kó bu omi fún un, tàbí kó kàn yí ìrọ̀rí rẹ̀ padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tẹ bọ́tìnnì títí àtàǹpàkò fi ń ro ó, agogo kò dún. Orí sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ mọ́ bá a. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Ìbejì fi wá.

"Ẹni a gbójú okùn lé, kò tó ẹni agba," bàbá sọ. "Mo pe agogo yẹn títí. Ó dà mí."

"Bátìrì ló dà yín, Bàbá." Ẹ̀gbọ́n kò gbójú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n, abẹ́ ojú náà sì wú.

Ó fi wáyà so bátìrì kọ̀ọ̀kan mọ́ gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan.

"Gbogbo wọn kúkú ń tàn," Ìyá Ìbejì sọ.

"Dúró ná."

Wọ́n dúró. Iná àwọn kan kò yẹ̀. Ti àwọn mìíràn pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó sì kú. Ẹ̀gbọ́n dá àwọn tó lágbára padà sínú agolo mílíìkì, ó kó àwọn tó ti rẹ̀ sínú àwo kékeré kan lọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà, o ò lè mọ èyí tó ti kú," ó ṣàlàyé. "Agogo á fi í dún dáadáa lójú ẹ. Tó bá fi máa di alẹ́, ó ti tán."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Bí alágbàṣe ọ̀lẹ! Tí olóko bá wà nítòsí, iṣẹ́ ń yá. Tí olóko bá ti yíjú, ó ti sùn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n yán láàárín ẹ̀rín tirẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ sọ́dọ̀ mi," Ìyá Ìbejì sọ. "Yàrá wà. Ẹ̀gbọ́n náà á lè sùn díẹ̀."

Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n dúró lórí wáyà. Ó wo ojú bàbá.

"Kí n lọ jókòó ti àna mi? Èmi kọ́! Ilé mi ni màá kú sí. Tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá ti wà níbí, mi ò bẹ̀rù nǹkan kan." Bàbá yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. "Àbí mo ti sú ẹ ni?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n tún àwọn tó wà nínú àwo yẹn dán wò lẹ́ẹ̀kejì.

Ojú ti Ìyá Ìbejì. Nínú mọ́tò tó gbé e wá, ó ti rò ó lọ́kàn pé Ẹ̀gbọ́n gbọ́ agogo, ó kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà ni. Inú bí i sí ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ṣàdúrà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ọmọ tirẹ̀ náà á tọ́jú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí àwo náà.

"Ẹ jẹ́ n bá yín dà wọ́n nù."

"Fi í sílẹ̀. Ó lè gbiná nínú pàǹtí. Màá mọ ohun tí màá fi wọ́n ṣe."

Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì àbúrò rẹ̀ dé oríta, ó dúró títí mọ́tò fi gbé e lọ.

Nígbà tó padà wọlé, ó ti agolo mílíìkì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, ó ṣa méjì tí iná wọn tètè kú jù nínú àwo kékeré yẹn, ó kì wọ́n sínú agogo, ó sì ké sí bàbá láti yàrá pé, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, Bàbá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!"