Ẹ̀jẹ̀ Ọkọ Mi

Wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi lọ́wọ́. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni, ihò ló wà lọ́kàn ẹ̀.

Èmi àti ọkọ mi jókòó síta.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ẹ̀jẹ̀ ò tó o."

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ọkọ mi ti ká apá ẹ̀wù ẹ̀ sókè, ó ti tẹ̀ lé e.

Dẹ́rẹ́bà kan tó jókòó tì wá ní, "Ìyá, ọkọ gidi lẹ ní." Ó dìde, òun náà lọ fún wọn ní tiẹ̀.

Omi bọ́ lójú mi.

Ọmọ ti wá ń mu ọmú báyìí. A ti ń múra ilé.

Ọkọ mi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó gbé e mọ́ra. "Ọmọ mi ni."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kì í ṣe tiyín?"

"Èsì jáde láàárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí mo fún wọn lọ́jọ́sí, mo ní kí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èmi ni mo lọmọ. Ọkàn mi ti balẹ̀."

Àṣé ẹ̀jẹ̀ dẹ́rẹ́bà nìkan ni wọ́n fà sára ọmọ mi.

"Tó bá wá já sí pé kì í ṣe tiyín ńkọ́?"

Ó bojú wo ọmọ.

Ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.