Àádọ́ta Ìṣẹ́jú Tí Àrìnkẹ́ Fi Pẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ará. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó mọ àsìkò láìwo aago.

Tamale, ní Gánà, 1988. Tíṣà Ìgè, olórí akọrin wa, dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ Àrìnkẹ́, ọ̀kan nínú akọrin.

"Aago mẹ́rin la dá, Àrìnkẹ́. Ó ti fi àádọ́ta ìṣẹ́jú kọjá! Aago ń sáré, ẹ̀yin akọrin ń yan. Orin Ìkórè ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣe ìṣirò kan."

"Mú un wá."

"Aago kan ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún sáré ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tò ó ní aago mẹ́fà àárọ̀. Tó bá sọ pé márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, aago mélòó ló lù ní tòótọ́?"

"Mẹ́rin géérégé! Òmùgọ̀ wo ló ń lo irú aago bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ó wà lára ògiri lẹ́yìn yín."

Tíṣà wẹ̀yìn. Ó yà kúrò lọ́nà.

Aago ẹlòmíràn kò ní tì ọ́ mọ́ta. Àmín.