Harlan Tú Táyà Ilé Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó kọjá. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹnikẹ́ni kì í lè bá sọ̀rọ̀.

1.
Harlan àti Noreen ìyàwó rẹ̀ ta ilé wọn ní Nebraska, wọ́n fi ra ilé oní-táyà tí ọkọ̀ máa ń fà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní láyé nìyẹn. Wọ́n wọ́ ọ dé aṣálẹ̀ Arizona, wọ́n gba iṣẹ́ ọdẹ ní sáìtì kan tí wọ́n ti ń kọ́lé. Harlan ń ṣọ́ géètì lọ́sàn-án, Noreen ń ṣọ́ ọ lóru, á wá fi ọ̀sán sùn.

Òkè lẹ́bàá géètì ni ọ̀gá sáìtì ní kí wọ́n gbé ilé sí. Ṣùgbọ́n oòrùn ibẹ̀ kì í ṣojú rere sí èèyàn. Harlan rí ojú odò gbígbẹ kan nísàlẹ̀, igi ńlá ṣíji bò ó, iyanrìn ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó wọ́ ilé lọ síbẹ̀.

Eladio tó ń wa katapílà mi orí.

"Ọ̀gbẹ́ni Harlan, ta lẹ rò pé ó ń gbá iyanrìn yìí?"

"Kì í ṣe ìwọ ṣá."

"Omi ni. Ẹ kúrò níbẹ̀ kí òjò oṣù keje tó dé."

Harlan rẹ́rìn-ín. "Ilé mi ní táyà, ọ̀rẹ́. Bí omi bá ń bọ̀, màá so ó mọ́ ọkọ̀, màá gbé e lọ."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o.

2.
Táyà ilé bẹ́ẹ̀, bó bá dúró pẹ́ nínú ooru aṣálẹ̀, ńṣe ló máa ń sán. Harlan sì fẹ́ràn táyà rẹ̀. Ó fi jáàkì gbé ilé, ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ilé, ó kó táyà lọ sínú kọ̀nténà irinṣẹ́ lókè.

"Harlan, ilé oní-táyà tí kò ní táyà mọ́, kí la ń pè é?" Noreen ló béèrè.

"Ilé la ń pè é. Ṣebí ilé lò ń sunkún rẹ̀ látìgbà tá a ti kúrò ní Nebraska?"

Noreen padà wọlé lọ sùn. Ó ti mọ irú ọkọ tó fẹ́.

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn ń ràn ní sáìtì, àmọ́ orí òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣú dùdù. Eladio pe Harlan ní géètì lórí rédíò ọwọ́.

"Òjò ti ń rọ̀ lókè, ojú odò yín ni omi rẹ̀ ń gbà. Ẹ lọ jí ìyàwó yín."

"Níbi tí ojú ọ̀run mọ́ báyìí? Jẹ́ kó sùn. Gbogbo òru ló fi ṣọ́ ẹrù yín."

Kò pẹ́ ló gbọ́ ariwo kan bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ó wo títì, kò sí ọkọ̀ kankan. Ìgbà tó wo ìsàlẹ̀, omi pupa ti ń bọ̀ láti kọ̀rọ̀ odò gbígbẹ náà, ó ń yí igi bọ̀ níwájú ara rẹ̀. Harlan sáré fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ. Ibẹ̀ ló ti rántí pé táyà wà nínú kọ̀nténà.

"Noreen! Jáde!"

Ẹ́síì amúlétutù ń kùn nínú ilé, Noreen kò gbọ́. Omi gbé ilé kúrò lórí búlọ́ọ̀kù. Eladio ló wa katapílà wọnú omi, ló fọ́ fèrèsé, tó fa Noreen jáde, apá obìnrin náà sì ti kán. Ilé lọ lójú wọn, tòun ti àwòrán ìgbéyàwó àti bàtà wọn.

4.
"Dárí jì mí," ni Harlan ń wí, ó ń sunkún.

Noreen kò pariwo. Ó ní kí Eladio ṣí kọ̀nténà. Táyà mẹ́rin jókòó síbẹ̀, wọ́n gbẹ, wọ́n ń dán, kò sí èyí tó sán.

"O tọ́jú wọn dáadáa," ló sọ. "Yàrá kan ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn kan ló sì gbà. Kí ìwọ àti táyà ẹ jọ máa gbé."

Ó lọ lóòótọ́. Títí dòní Harlan ń ṣọ́ géètì onígéètì, inú àgọ́ ló ń sùn, táyà mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín. Bí ẹni tó mọ ilẹ̀ bá ní kí ẹ dìde, ẹ dìde kí ẹ tó bi í ní ìdí. Ẹ má sì tọ́jú ẹrù débi tí ẹ ó gbàgbé ẹni tó ń sùn nínú ilé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.