Kìnnìún Tó Ń Rán Ọmọ Lọ Sílé-Ìwé

Kìnnìún ló ń rán Silantoi lọ sílé-ìwé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lábúlé. Àwọn àlejò ń wá wo kìnnìún, owó tí wọ́n sì ń san ni wọ́n fi ń rán ọmọ tó bá mọ̀wé lọ sí ìlú ńlá. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: bí kìnnìún bá ti ọwọ́ ará abúlé kú, ohun yòówù kó fà á, gbogbo ọmọ á padà sílé. Oṣù mẹ́rin ló kù kí Silantoi ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Loibor, kìnnìún onírun-ọrùn funfun, ló pa bàbá Silantoi ní etí odò, nígbà tí odò kún. Nolarami, ìyàwó ọkùnrin náà, ló kọ́kọ́ débẹ̀, kí wọ́n tó gbọ́ igbe rẹ̀. Ọ̀kọ̀ ọkùnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Èyí, bí ẹni pé kò jà rárá, dun àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ikú rẹ̀ lọ. Ẹ̀yà Maasai, tí wọ́n jẹ́, kì í dárúkọ òkú, ṣùgbọ́n wọ́n wá orúkọ fún un: Ọlọ́kọ̀-Mímọ́.

Lekishon, àbúrò olóògbé náà, mú ọ̀kọ̀ tirẹ̀. "Ẹ jẹ́ n lọ pa á! Ìtìjú yìí pọ̀."

Nolarami dínà mọ́ ọn. "O ò ní pa nǹkan kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ á kàwé."

"Ẹ ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi rárá!"

Nolarami sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Koikai ló ń ṣọ́ kìnnìún. Ọ̀já kan wà lọ́rùn Loibor, ẹ̀rọ kékeré inú rẹ̀ sì máa ń ké sí rédíò Koikai, kó lè mọ ibi tó wà. Kò sún mọ́ ọn mọ́, rédíò nìkan ló ń gbọ́. Ta ló fẹ́ fojú kan ẹranko tó ti pààyàn?

"Màmá, Loibor tún gba ọ̀nà ibi tí ẹ ti ń ṣẹ́gi lánàá," ló máa ń sọ fún Nolarami. "Kò pa màlúù ẹnì kankan mọ́. Ẹ̀yin ló ń tẹ̀ lé kiri o."

Àwọn obìnrin yòókù kò bá a lọ ṣẹ́gi mọ́. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ló wọ ara kìnnìún, tó ń bínú kiri. Nolarami kò bá wọn jiyàn. Ẹ̀rù ń ba òun náà. Nígbà mìíràn nínú igbó, ó máa ń dà bíi pé èémí gbígbóná ń fẹ́ sí i lẹ́yìn ọrùn. Kì í bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì, ibà dá Nolarami dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, Koikai wọlé, ó gba tíì, kò mu ún.

"Loibor ò kúrò lójú kan láti ọjọ́ mẹ́ta, nínú igbó ẹ̀gún lẹ́yìn odò."

"Bóyá ó yó ni."

"Kìnnìún wo ló ń yó fọ́jọ́ mẹ́ta, Màmá? Dókítà ẹranko ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Bó bá ti kú, wọ́n á bi wá ta ló pa á."

Nolarami dìde. Ó mú okùn ìdìgi.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Igi ti tán nílé."

"Háà! Màmá, ibà ti dé orí yín! Ó wà níbẹ̀ o!"

"Bó bá fẹ́ jẹ mí, ì bá ti jẹ mí tipẹ́," ló wí, ó sì jáde.

Nínú igbó ẹ̀gún náà, Nolarami hú ọ̀já tó gé lọ́rùn Loibor jáde, lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ gún kìnnìún náà pa kí òun náà tó kú, lọ́jọ́ tó ti òkú kìnnìún sínú odò, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ọ̀kọ̀ ọkọ rẹ̀ kó tó figbe ta. Ó fi ọ̀já náà kọ́ ọrùn ara rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, bó ti máa ń ṣe látọjọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.